Ìdánwò ìfẹ́-iṣẹ́ wo ló ṣeé gbára lé? Ó ti di kánjúkánjú o

Ìyá Tèmi: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ará ilé, ìdánwò tó ń sọ iṣẹ́ tó bá ọmọ mu, èwo ló dáa? Alẹ́ yìí la fẹ́ kọ kọ́ọ̀sì sí fọ́ọ̀mù JAMB. Mi ò fẹ́ kó kàwé tán kó máa wáṣẹ́ kiri.

Olùdámọ̀ràn: Ẹ lọ sí My Next Move, ìkànnì ìdánwò ìfẹ́-iṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Ìbéèrè 60, mẹ́wàá-mẹ́wàá fún ẹ̀yà ìfẹ́-iṣẹ́ mẹ́fà tí Holland, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, là sílẹ̀. "Ṣé wàá fẹ́ kan kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná?" irú ẹ̀ ni. Máàkì 0 sí 4 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, 40 ni ẹ̀yà kan lè gbà mọ. Kó má ro owó oṣù, kó má ro bóyá ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ má jókòó tì í, torí ohun tó máa dùn mọ́ yín ló máa tẹ̀. Bó bá ń tẹ "kò dá mi lójú" ṣáá, 20 ni gbogbo ẹ̀yà máa jẹ́, kò wúlò nìyẹn. Bí ẹ̀yà kan bá gba 31, tí òmíràn gba 29, wọn ò yàtọ̀ síra.

Akin: Ìdánwò ìfẹ́-iṣẹ́ ti Bakare ti Yunifásítì Ìbàdàn ńkọ́? Nàìjíríà níbí ni wọ́n ti ṣe é. Ẹ bi kánsẹ́lọ̀ iléèwé ọmọ.

Bàbá Ìbejì: Ẹ ṣọ́ra o! Wọ́n gbowó wa níbì kan, wọ́n tẹ ìka ọmọ láti fi mọ iṣẹ́ tó bá a mu, wọ́n ní dókítà ni. Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ ń bà lẹ́rù!

Ṣadé: Olè! Èló ni wọ́n gbà?

Bàbá Ìbejì: Ẹ má jẹ́ n sọ ọ́.

Olùdámọ̀ràn: Ìka kì í ṣe ìdánwò ìfẹ́. Ẹni tí ò bi ọmọ léèrè ohun tó fẹ́ràn, kí ló wọ̀n?

Ṣadé: Ìdánwò tó ń bi ọmọ léèrè náà ńkọ́? Van Iddekinge àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ kó ìwádìí jọ ní 2011: correlation (bí ohun méjì ṣe ń bára rìn sí, 1 ló ga jù) ìfẹ́ pẹ̀lú bí èèyàn ṣe ń ṣiṣẹ́ sí, 0.14. Ẹ fi 0.14 lọ́po ara ẹ̀: ohun tí ìfẹ́ ń ṣàlàyé nínú bí èèyàn ṣe ń ṣiṣẹ́ sí kò ju ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún lọ.

Olùdámọ̀ràn: Ẹ ò mẹ́nu ba 0.26 tí àwọn náà rí fún bí èèyàn ṣe ń ṣe sí nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́. Nye àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ sì rí 0.36 ní 2012, nígbà tí wọ́n wo bí ìfẹ́ ṣe bá iṣẹ́ ọwọ́ ẹni mu, dípò máàkì lásán. Àmọ́ ta ló máa gba ọmọ síṣẹ́? Ìdánwò My Next Move ò mọ ìyẹn. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti to àwọn iṣẹ́ inú ẹ̀.

Kúnlé: Ìyá Tèmi, sáyẹ́ǹsì ni àbí átì? Ẹ kọ́kọ́ wo sọ́bújẹ́ẹ̀tì tí JAMB ń béèrè.

Ìyá Tèmi: Ẹ ṣé gan-an. Bàbá ẹ̀ ti dé, ó ní Nọ́ọ̀sìn, òun náà la ń kọ. Ṣé kaféè kankan ṣì ṣí ní Bódìjà?