Iye méjì tí kò ju ara wọn, tí kò sì dọ́gba?

ọmọ_kétu: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo ń kọ prógíráàmù ní èdè C tó ń fi iye owó kílò àgbàdo kan ní Kétu wé ti Àjàṣẹ́, owó tí wọ́n pa ni mo ń pín sí ìwọ̀n, double (irú nọ́ńbà onípọ́íǹtì ní C) ni mo lò. Lọ́jọ́ tí ọjà kan ò tà rárá, a < b irọ́, a > b irọ́, ló bá bọ́ sí else (“bí bẹ́ẹ̀ kọ́”), ó ní wọ́n dọ́gba! Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé wọ́n ṣeé fi wéra?

àgbà_àjàṣẹ́: Àbúrò, 0.0 tó o pín sí 0.0 ló di NaN yẹn, kì í ṣe nọ́ńbà rárá. Òfin IEEE 754 ti 1985 (ìlànà ìṣirò nọ́ńbà onípọ́íǹtì lórí kọ̀ǹpútà) ni pé NaN ò kéré sí nǹkan kan, kò jù ú, kò sì bá a dọ́gba, títí kan òun fúnra ẹ̀. Lo isunordered(a, b), inú math.h (àkójọ iṣẹ́ ìṣirò ti C) ló wà látìgbà C99 (ẹ̀dà èdè C ti 1999), tí ọ̀kan bá ti jẹ́ NaN á fún ẹ ní 1.

ará_ṣábẹ̀: Òótọ́ ni. Àmọ́ ṣọ́ra fún àṣẹ -ffast-math ti GCC (ohun tó ń túmọ̀ kóòdù C fún kọ̀ǹpútà) o, ó máa ń gbà pé NaN ò sí, àyẹ̀wò yẹn lè má ṣiṣẹ́ mọ́.

ọmọ_kétu: Ẹ ṣé gan-an. Tówó bá wà tí kílò wá jẹ́ òdo ńkọ́?

àgbà_àjàṣẹ́: Inf (àìlópin) nìyẹn, ó ṣeé fi wéra, isunordered ò ní mú un. isfinite, tó ń wò bóyá nọ́ńbà ní òpin, ni kó o lò.