Òpó kọ́ ni igi inú ògiri àjà ilẹ̀

Ẹ̀yin ará mi nínú iṣẹ́ èdè, mo kí yín o.

Ẹni tó ń túmọ̀ ìwé ìlànà nípa bí a ṣe ń fi igi to ògiri nínú àjà ilẹ̀, ìyẹn yàrá tó wà nínú ilẹ̀ lábẹ́ ilé, béèrè orúkọ mẹ́rin lọ́wọ́ wa: igi tó dúró lóòró nínú ògiri, èyí tó sùn sílẹ̀ lábẹ́ wọn, èyí tó sùn lé wọn lórí, àti gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ kí a tó kan bọ́ọ̀dù bò ó. Ọ̀pọ̀ yín ti fọwọ́ sí “òpó” fún ti àkọ́kọ́. Èmi kò fọwọ́ sí i, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ gbọ́ tẹnu mi kí ọ̀rọ̀ náà tó wọ inú ìwé.

Òpó ni ohun tí ilé gbé ara lé. Bí a bá pe ẹnì kan ní òpó ilé, ohun tí à ń sọ ni pé bó bá yẹ̀, ilé wó. Igi inú ògiri yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ògiri kọnkéré tó yí àjà ilẹ̀ ká ló gbé ilé, òun àti òpó irin tàbí ti igi tó sábà máa ń wà láàárín, tó fi orí ti ìtì tó gba abẹ́ ilé kọjá. Ògiri tí káfíńtà ń to kàn ń pín yàrá ni, ó sì ń pèsè ibi tí bọ́ọ̀dù yóò kàn mọ́ àti ibi tí wáyà iná yóò gbà. Òpó gidi ti wà níbẹ̀ kí káfíńtà tó wọlé. Ẹ wá wo gbólóhùn tó wà nínú ìtumọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa: “Bí òpó bá dí ibi tí ilẹ̀kùn yóò wà, ẹ gé e kúrò.” Ẹni tó bá ka èyí, tó sì gbé ayùn lọ sí ìdí òpó tó gbé ilé ró, àwa la fi ọ̀rọ̀ sí i lọ́wọ́.

“Ìnàró” ni mo gbé síwájú yín. Ohun tó nàró dúró ṣánṣán, kò tẹ̀ síhìn-ín, kò tẹ̀ sọ́hùn-ún, ohun tí a sì ń fẹ́ lára igi náà gan-an nìyẹn. Kò sí ẹrù gbígbé nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹnìkan sọ pé ìṣe ni ìnàró ń tọ́ka sí, pé kì í ṣe ohun èlò. Ìjókòó náà ńkọ́? Jíjókòó ni, àga tí a jókòó lé náà sì ni. Èdè wa kò rí ìṣòro kankan nínú èyí.

Ti ìsàlẹ̀, “ìtẹ́lẹ̀”. Ẹ má ṣe pè é ní ìpìlẹ̀, nítorí ìpìlẹ̀ ilé wà lábẹ́ rẹ̀. Ó tẹ́ sórí kọnkéré, kọnkéré a sì máa fa ọ̀rinrin láti inú ilẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé igi tí wọ́n ti fi agbára tẹ oògùn wọ̀ ni wọ́n ń lò fún un, kó má baà jẹrà. Ti òkè, “ìborí”. Ti orí ilẹ̀kùn, àtẹ́rígbà la ti ń pè é tipẹ́, kò sí ohun tí à ń wá kiri.

“Egungun ògiri” tí ẹnìkan dá fún gbogbo rẹ̀ dùn mọ́ mi gan-an. Àmọ́ àwọn tó máa kà á lórí fóònù láìsí àmì ohùn lè kà á sí egúngún, férémù sì ni àwọn káfíńtà ti ń sọ. Mo fara mọ́ férémù.

Ohun kejì tó ká mi lára ni “àlàfo”. Ìtumọ̀ náà ní kí àlàfo ínṣì 16 wà láàárín igi kan àti èkejì. Láti àárín igi kan dé àárín èkejì ni wọ́n ń wọn ínṣì 16. Igi tí à ń pè ní 2×4, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fá a tán, ínṣì 1.5 ni nínípọn rẹ̀, nítorí náà àlàfo tó kù jẹ́ 14.5. Ẹni tó bá fi 16 sílẹ̀ lófìfo ti sọ ọ́ di 17.5 láti àárín dé àárín. Bọ́ọ̀dù sì rèé, ínṣì 48 ni fífẹ̀ rẹ̀, 16 lọ́nà mẹ́ta, kí etí rẹ̀ kan lè wà láàárín ìnàró kan, kí èkejì bọ́ sí àárín ìnàró kẹrin. Pẹ̀lú 17.5, ìnàró kẹrin yóò ti lọ dúró sí 52.5, etí bọ́ọ̀dù kò ní rí igi tí ìṣó máa mú. Ẹ jẹ́ ká kọ “láti àárín dé àárín” ní gbogbo ibi tó ti jẹ yọ, bó tilẹ̀ gùn.

Ó ku ògiri kan tí ìwé náà sọ pé ó “léfòó”. Níbi tí amọ̀ ilẹ̀ ti máa ń wú bí omi bá wọ̀ ọ́, bíi àwọn apá kan ní ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà, kọnkéré ilẹ̀ lè gbéra sókè. Bí ògiri bá kún láti ilẹ̀ dé òkè, yóò ti igi àjà, ìyẹn àwọn igi tó gbé ilẹ̀ yàrá òkè, sókè, ilẹ̀kùn á há, bọ́ọ̀dù á là. Ni wọ́n ṣe ń so ògiri náà kọ́ sára igi àjà. Ìtẹ́lẹ̀ kan á wà lórí ilẹ̀, èkejì á wà ní ìdí ògiri, àyè á wà láàárín wọn, ìṣó gígùn á sì gba inú ti òkè wọ ti ìsàlẹ̀, kí ilẹ̀ lè máa gòkè kó má sì kan ògiri. Ohun tó léfòó, nǹkan ló gbé e láti ìsàlẹ̀. Òkè ni wọ́n ti mú èyí. “Ògiri àfikọ́” ni kí ẹ kọ.

Àyè tó wà láàárín ìtẹ́lẹ̀ méjèèjì yẹn ni mo ṣì ń wá orúkọ fún. “Àyè ìwú” ni mo kọ sínú ìwé mi, ṣùgbọ́n kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹni tó bá ní èyí tó dára jù ú lọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú un wá.