Àwádìísọ ni, kì í ṣe àròsọ: lórí ìwé ìpànìyàn Holcomb

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin àbúrò, okun o. Ẹ kú àríyànjiyàn.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá wa níbẹ̀: àwọn ará wa kan ní Kàbà tí wọ́n máa ń kàwé pọ̀ ti ka In Cold Blood, ìwé tí Truman Capote, ọmọ Amẹ́ríkà, kọ, tó jáde lódindi ní 1966. Wọ́n fẹ́ kọ àgbéyẹ̀wò rẹ̀ ní Yorùbá. Ibi orúkọ ni wọ́n há sí. Irú ìwé wo ni ká pè é? Ẹ̀gbọ́n wa láti Ìsánlú ní “ìtàn ọ̀daràn”. Àbúrò wa obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Mọ̀pà ní “ìtàn àròsọ tòótọ́”. Bàbá wa tó ti ṣe ògbufọ̀ ní kóòtù ní kò tíì kan ìyẹn, pé ká kọ́kọ́ mọ ohun tí a ń pè ní “ìpànìyàn” ná. Nígbà tó yá, ẹnìkan tún dá a lábàá pé kí orúkọ ìwé náà ní Yorùbá jẹ́ “Ẹ̀jẹ̀ Tútù”, bí a bá tú ti Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára, torí náà ẹ jẹ́ kí n dá sí i.

Ní ṣókí, ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ìletò kan wà ní ìpínlẹ̀ Kansas tó ń jẹ́ Holcomb. Capote ní àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò ju nǹkan bí 270 lọ. Lóru mọ́jú ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá ọdún 1959, Richard Hickock àti Perry Smith wọ ilé àgbẹ̀ kan tó rí jájẹ, Herbert Clutter. Ẹlẹ́wọ̀n kan tó ti bá Clutter ṣiṣẹ́ lóko rí ló sọ fún Hickock pé séèfù tí owó kún inú rẹ̀ wà nílé ọkùnrin náà. Kò sí séèfù kankan níbẹ̀. Wọ́n pa bàbá, wọ́n pa ìyá, wọ́n pa ọmọbìnrin ọmọ ọdún 16 àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ọmọ ọdún 15, owó tí wọ́n sì rí kó kò tó àádọ́ta dọ́là. Ọwọ́ tẹ̀ wọ́n ní Las Vegas kí ọdún yẹn tó parí. Ní oṣù kẹrin ọdún 1965, wọ́n yẹgi fún àwọn méjèèjì. Capote, pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ Harper Lee, ti lọ sí Holcomb lẹ́yìn tí ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀, ó ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń bi àwọn èèyàn léèrè.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí “àròsọ tòótọ́”. Mo mọ ibi tí àbúrò wa ti mú un. Capote fúnra rẹ̀ pe ìwé rẹ̀ ní nonfiction novel, ìyẹn nọ́fẹ̀ẹ̀lì tí ohun inú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, ó sì ń fọ́nnu pé òun lòun dá irú rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí àwa ń lò fún nọ́fẹ̀ẹ̀lì ti sọ ìdí ara rẹ̀ kó tó délé: àròsọ, ohun tí èèyàn rò kó tó sọ. Bí Òkédìjí ṣe kọ ìtàn àròsọ rẹ̀, Àjà Ló Lẹrù, ní 1969 nìyẹn. Kò sí Lápàdé inú ìwé náà kankan tí a lè lọ bá nílé ní Ìbàdàn, a sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ ká tó ṣí ìwé náà. Ẹni tó bá wá sọ pé “àròsọ tòótọ́” ti sọ pé omi gbígbẹ ni òun bù mu. Òǹkàwé tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò ní rí ohun tí Capote ń sọ níbẹ̀. Ohun tó máa gbọ́ ni pé ẹni yìí parọ́, irọ́ rẹ̀ sì dára.

Àwọn kan ní ká kúkú pè é ní “ìtàn” lásán. Wọn ò jìnnà sí òtítọ́. Ọmọdé tó bá ti jókòó nídìí àlọ́ rí mọ̀ pé ìtàn yàtọ̀ sí àlọ́. Kò sí ẹni tó ń bi apàlọ́ pé ta ló sọ ọ́ fún un. Ẹni tó bá sì ń pìtàn ìlú, bó bá ti ṣì í sọ níwájú àgbà, wọn á dá a dúró lójú ẹsẹ̀. Ìyẹn ni pé ìtàn ti ní ẹ̀rí lábẹ́ tẹ́lẹ̀. Àmọ́ àwọn olùkọ́ lítíréṣọ̀ wa ti fi “ìtàn àròsọ” tẹ ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ láti ọdún pípẹ́, débi pé bí a bá dárúkọ “ìwé ìtàn” lónìí, idà olójú méjì ni. A nílò ohun tí yóò dúró ní ìdojúkọ “àròsọ” gan-an, tí yóò bá a dọ́gba ní gígùn àti ní bí a ṣe ń dá a.

Ohun tí mo mú wá ni “àwádìísọ”. Ó rọrùn láti tú: wá ìdí, kí o tó sọ. Bí àròsọ ṣe ń sọ fún wa pé inú olùkọ̀wé ni ọ̀rọ̀ ti jáde, bẹ́ẹ̀ ni àwádìísọ ń sọ pé ó jáde lọ, ó béèrè, ó wá ń sọ ohun tó bá bọ̀.

Kí ló dé tí n kò fi fara mọ́ “tòótọ́”? Torí pé bí a bá fi “tòótọ́” sára ìwé, àwa la ti jẹ́rìí fún ẹni tó kọ ọ́, a kò sì sí níbẹ̀. Ẹ wo bí Capote ṣe ṣe é. Bó bá ń fọ̀rọ̀ wá èèyàn lẹ́nu wò, kì í kọ nǹkan kan sílẹ̀, kì í sì gba ohùn sílẹ̀. Ó ní ìwé àti bírò máa ń jẹ́ kí ẹnu èèyàn wúwo. Bó bá padà dé ibi tó wọ̀ sí ni yóò tó kọ ohun tó gbọ́, láti orí wá. Ó gbára lé iyè rẹ̀, iyè èèyàn kan ṣoṣo. Ìwé náà sì parí sí itẹ́ òkú: Alvin Dewey, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó ṣe ìwádìí ọ̀ràn náà, pàdé ọ̀rẹ́ ọmọbìnrin tí wọ́n pa, ọ̀dọ́mọbìnrin náà ti di géńdé, ó ti wà ní yunifásítì, wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ibẹ̀ dùn ún kà. Dewey fúnra rẹ̀ sì sọ nígbà tó yá pé ìpàdé náà kò wáyé. Capote ló rò ó.

Ibi yìí ni àwọn tó ka ìwé náà ní Kàbà ti fẹ́ẹ̀ bá ara wọn jà. Ìyá kan láàárín wọn ní ibi itẹ́ òkú yẹn nìkan ni ọkàn òun ti balẹ̀ nínú gbogbo ìwé náà, pé kí wọ́n má gbà á lọ́wọ́ òun. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ ní irọ́ kan ṣoṣo ti tó láti ba èyí tó kù jẹ́. Mo gbọ́ ti ìyá wa, mo sì gbọ́ ti ọmọ náà. Ohun tí “àwádìísọ” ṣe fún wa ni pé kò di dandan ká ju ìwé náà nù, kò sì di dandan ká gbé irọ́ mì. A lè fi ìka sí ojú ewé ká ní: títí dé ibí, àwádìísọ ni, láti ibí lọ, àròsọ ni. “Tòótọ́” kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Bó bá ti fọ́ níbì kan, ó ti fọ́ nìyẹn.

Ní ìlú tiwa, iṣẹ́ náà kì í ṣe kékeré. Bí ẹnìkan bá kọ ìwé sórí ẹni tí wọ́n pa ní Ìyàrà tàbí ní Ẹ̀gbẹ̀, ìdílé olóògbé á kà á, ìdílé ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn á kà á, inú ìjọ kan náà ni wọ́n sì máa pàdé lọ́jọ́ Àìkú. Wọn á fẹ́ mọ gbólóhùn tí ẹnu èèyàn sọ àti èyí tí olùkọ̀wé fi sí wọn lẹ́nu. Àwọn ará Holcomb náà wà láyé, wọ́n ka tiwọn.

Ó wá ku “ìtàn ọ̀daràn” ti ẹ̀gbọ́n wa láti Ìsánlú. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Orúkọ yẹn ti fi ìwé náà fún Hickock àti Smith. Ẹ̀sùn tó pọ̀ jù tí àwọn òǹkàwé wa fi kan Capote sì nìyẹn gan-an: apá mẹ́rin ni ìwé náà ní, nígbà tí apá kìn-ín-ní bá fi máa parí, ìdílé Clutter ti lọ, àwọn apànìyàn ló sì gba èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó kù. A mọ bí ìgbà èwe Smith ṣe rí, a mọ àlá tó máa ń lá. Bonnie Clutter ńkọ́, ìyá àwọn ọmọ? Aláìsàn tó ń bẹ nínú yàrá ni a mọ̀ ọ́n sí. Èmi gbà pé ó yẹ ká mọ ohun tó sọ èèyàn di apànìyàn, ìwé náà kò sì ní níláárí bí kò bá wádìí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ká má fi orúkọ ẹ̀yà ìwé parí ohun tí olùkọ̀wé ti bẹ̀rẹ̀.

“Ọ̀ràn” sàn jù fún mi. Ẹ gbọ́ bí a ṣe ń lò ó: ẹni tó ṣe ibi, ó dá ọ̀ràn; ẹni tí ibi bá, ọ̀ràn dé bá a; ẹjọ́ tó wà níwájú ọba, ọ̀ràn ni; nínú Bíbélì àtijọ́ tí àwọn ìyá wa fi kọ́ ìwé kíkà, ọ̀rọ̀ èyíkéyìí tó bá wà nílẹ̀, ọ̀ràn ni. Ó gba ẹni tó pa, ó gba ẹni tí wọ́n pa, ó gba àwọn aládùúgbò tó bẹ̀rẹ̀ sí í ti ìlẹ̀kùn tí wọn kì í tì tẹ́lẹ̀, tí wọ́n sì ń fura síra wọn nígbà tí àwọn apànìyàn ti jìnnà. Nítorí náà, “àwádìísọ ọ̀ràn” ni mo fẹ́ fún ẹ̀yà ìwé náà.

Bàbá wa ògbufọ̀, ẹ̀yin lẹ gbé èyí tó le jù kalẹ̀, mo sì dúpẹ́. Ọ̀pọ̀ àwọn ará wa ní Gúúsù kò mọ̀ pé òfin tí àwa jogún yàtọ̀ sí tiwọn. Abẹ́ ìjọba Àríwá ni agbègbè Kàbà wà, torí náà Penal Code, ìwé òfin ọ̀ràn dídá ti Àríwá, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960 ló bá wa wọ Kwara, tó sì bá wa dé Kogi ní 1991. Criminal Code ti Gúúsù ní murder, ìmọ̀ọ́mọ̀ pànìyàn, ní abala 316, ó ní manslaughter, pípa èèyàn tí kò tó murder, ní 317. Penal Code kò lo murder. Culpable homicide, pípa èèyàn tó lẹ́bi nínú, ló ń pè é, ó wá pín in sí méjì: abala 221 fún èyí tí ìjìyà rẹ̀ jẹ́ ikú, 222 fún èyí tí ìjìyà rẹ̀ kì í ṣe ikú. Ìyẹn lẹ fi ní “ìpànìyàn” kò tó, pé ó gba àwọn méjèèjì pọ̀.

Ní kóòtù, mo gbà fún yín pátápátá. Lẹ́nu ọjà, n kò gbà. Awakọ̀ tó gbá èèyàn lójú ọ̀nà Òbájánà, a ó ní ó fi mọ́tò pa èèyàn, a ó ní ó ṣèèṣì ni. N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní apànìyàn, àfi bí inú bá ń bí i. “Pa èèyàn” gba gbogbo rẹ̀. “Apànìyàn” àti “ìpànìyàn” ti di ẹrù wíwúwo, ìmọ̀ọ́mọ̀ ti wà nínú wọn. Bíbélì náà ní kí a má pànìyàn, ó sì tún ya ìlú ààbò sọ́tọ̀ fún ẹni tó ṣèèṣì pa ẹnìkejì rẹ̀. Fún àgbéyẹ̀wò ìwé, “ìpànìyàn” tó. Fún kóòtù, ká so “ìmọ̀ọ́mọ̀” mọ́ ọn.

“Ẹ̀jẹ̀ Tútù” ni n kò lè fara mọ́ rárá. Gẹ̀ẹ́sì ń sọ pé èèyàn pànìyàn in cold blood bí ojú rẹ̀ kò bá mì rárá, ṣùgbọ́n Yorùbá kò gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ẹja tútù, ẹran tútù: ohun tí iná kò tíì kàn. Ẹ̀jẹ̀ tútù á wá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dà sílẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ohun rere ni ìtutù lọ́dọ̀ wa. A ń gbàdúrà kí ilé tutù, a ń yin onísùúrù pé ọkàn rẹ̀ tutù. Ẹnìkan ní ká lo “Ọ̀dájú”. Ó sún mọ́ ọn, àmọ́ ẹ padà lọ ka ibi tí Smith ti jẹ́wọ́. Ó gbé páálí sábẹ́ Clutter kí sìmẹ́ńtì ilẹ̀ má bàa tutù jù fún un. Ó fi ìrọ̀rí sábẹ́ orí ọmọkùnrin náà lórí àga kó lè rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Lẹ́yìn náà ló pa wọ́n. Ọ̀dájú kì í wá ìrọ̀rí fún èèyàn. Ohun tó bani lẹ́rù níbẹ̀ ni pé àánú wà lójú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò sì gbọ̀n. “Ọwọ́ Wọn Kò Gbọ̀n” ni mo máa fi pe ìwé yẹn bó bá jẹ́ èmi ni mo ń túmọ̀ rẹ̀.

Àwọn kan á ní “àwádìísọ” le lẹ́nu. “Ajínigbé” náà jẹ́ tuntun rí, lónìí ọmọ kékeré mọ̀ ọ́n, ó sì dùn mí pé ojú ọ̀nà wa ló kọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ náà dúró torí pé ó sọ ohun tí wọ́n ń ṣe: wọ́n ń jí ni gbé. Kí àwọn ará Kàbà lo “àwádìísọ ọ̀ràn” nínú àgbéyẹ̀wò wọn ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta láìtúmọ̀ rẹ̀, ká wo bóyá òǹkàwé á kọsẹ̀.

Ìbéèrè kan kù fún bàbá wa. Abala 222 yẹn ní bí wọ́n bá mú èèyàn bínú lójijì, tí ìbínú náà sì wúwo tó fi sọ agbára ìkóra-ẹni-níjàánu nù, ikú kọ́ ni ìjìyà rẹ̀. Kí lẹ máa ń pe ìyẹn fún ẹlẹ́jọ́ tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì? “Ìmúnibínú” ni mo ti ń lò, ṣùgbọ́n gbogbo wa la máa ń mú ara wa bínú lójoojúmọ́, òfin sì ń sọ ohun tó ju ìyẹn lọ.