Ṣé ó yẹ kí wọ́n máa fi orin sábẹ́ ìròyìn àjálù?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi dá sí i. Lẹ́yìn ìkọlù September 11, 2001 l'Amẹ́ríkà, àwọn tẹlifíṣọ̀n kan ń fi orin “Only Time” ti Enya, olórin ará Ireland, sábẹ́ fídíò ìkọlù yẹn, èèyàn tó sún mọ́ 3,000 ló kú o, kí ló kan orin níbẹ̀? Ó ń bí mi nínú gan-an.

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ. Igbe àwọn tó ń sá nínú eruku yẹn, ariwo ọkọ̀ panápaná, ìyẹn gan-an ni ìròyìn, tí wọ́n bá ti forin bò ó, ó ti di fíìmù nìyẹn.

Ìdáhùn: Ẹ ṣe sùúrù ná jàre. Ṣé àwa náà kì í kọrin arò ni? Enya sì ṣe rímíìsì orin “Only Time” yẹn, ó ní kówó ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹbí àwọn panápaná.

Ìbéèrè: Towó yẹn dáa, mi ò jiyàn. Àmọ́ ẹni tó ń sun arò mọ òkú ẹ̀, ẹni tó ń gé fídíò ní sitúdíò ò mọ̀ wọ́n rárá. Kí wọ́n forin síbi ètò ìrántí, kí wọ́n yọ ọ́ nínú ìròyìn.