Ṣé kí n gbé orin Ẹ̀fẹ̀ yìí síta?

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Kétu ni mo wà. Kálukú ti ń fi orin tó fẹ́ràn ránṣẹ́, ó wá kàn mí, àmọ́ wàhálà wà nínú tèmi.

Kásẹ́ẹ̀tì Ẹ̀fẹ̀ ni, ìyẹn orin àwàdà àti ìbáwí tí wọ́n ń kọ lóru ṣáájú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ijó oníbòjú wa. Bàbá mi ló gbà á sílẹ̀ lóru, kí ilẹ̀ ọjọ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó mọ́. Ohùn ẹlẹ́fẹ̀ náà dùn ju gbogbo ohun tí rédíò ń gbé jáde báyìí lọ (ojú tèmi nìyẹn o). Ṣùgbọ́n ẹ mọ Ẹ̀fẹ̀, kì í bo àṣírí ẹnikẹ́ni. Ó dárúkọ ọkùnrin kan tó kó owó ẹgbẹ́ jẹ, àwọn ọmọ rẹ̀ sì wà ládùúgbò wa títí dòní. UNESCO ti ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ ogún àṣà aráyé láti 2001, ṣé ó wá yẹ kí n gé ibẹ̀ kúrò? Bí mo bá gé e, adùn orin náà lọ nìyẹn. Àbí kí n kọ́kọ́ lọ bá àwọn ọmọ náà sọ̀rọ̀?

Èkejì kò le. Kásẹ́ẹ̀tì wákàtí kan ni, bó bá di MP3 yóò tó nǹkan bí 60 MB. Ṣé kí n pín in sí wẹ́wẹ́ nítorí dátà yín?