Fítámìn tí wọ́n ní ká gbé lọ sílé àti èyí tí wọ́n fún àbúrò mi

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, mo ń rí i lórí WhatsApp pé fítámìn A ń mú kí kímò, ìyẹn oògùn tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ, ṣiṣẹ́ fún jẹjẹrẹ eegun. Ọ̀rọ̀ náà ní orí, ó ní ìdí, àárín rẹ̀ làwọn èèyàn ń fò.

Àbúrò mi ọkùnrin ló ṣe. Òkè orúnkún rẹ̀ ló wú, ibi tí osteosarcoma, irú jẹjẹrẹ eegun kan, sábà máa ń mú jù lára àwọn ọmọ tó ń dàgbà. Bọ́ọ̀lù la kọ́kọ́ fẹ̀sùn kàn. Mùṣín là ń gbé, ọsibítù eegun Ìgbòbí ò jìnnà sí wa, ibẹ̀ la gbé e lọ. Wọ́n ya fọ́tò eegun, wọ́n gé díẹ̀ lọ yẹ̀ wò, ni wọ́n bá dárúkọ rẹ̀.

Oògùn mẹ́ta ni wọ́n kọ fún un: cisplatin, doxorubicin tó pupa bíi sóbò, àti methotrexate. Methotrexate yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ fítámìn wà. Sẹ́ẹ̀lì ò lè pọ̀ sí i láìlo fólíkì, tó jẹ́ ọ̀kan lára fítámìn B. Ọ̀nà fólíkì yẹn ni oògùn náà ń dí. Iye tí wọ́n ń fà sí i lára pọ̀ débi pé ó lè pa ẹni tó ń gbà á. Nítorí náà, ní nǹkan bíi wákàtí 24 lẹ́yìn tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa fún un ní leucovorin, ìbátan fólíkì, láti fi gba àwọn sẹ́ẹ̀lì tó dáa là, títí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ á fi sọ pé oògùn ti wálẹ̀ tó.

Àǹtí wa àgbà dé láti Ìdúmọ̀tà pẹ̀lú nylon ńlá: fólíkì, fítámìn C, oríṣiríṣi. Nọ́ọ̀sì ò tiẹ̀ jẹ́ kí wọ́n jókòó.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ gbé e padà lọ sílé.”

“Ṣebí fítámìn náà lẹ so kọ́ sókè yẹn?”

“Ìbátan rẹ̀ ni mà, àmọ́ ó ní aago tí à ń fún un.”

Fítámìn C náà bá a lọ. Bí ìtọ̀ bá ti ní ásíìdì jù, methotrexate á dì sínú kíndìnrín. Èmi ni mò ń ti bébà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ìtọ̀ rẹ̀ lóru, tí mò ń fi àwọ̀ rẹ̀ wé ti ara páálí. Tí nọ́ńbà tó bá àwọ̀ náà mu kò bá ti tó 7, ìyẹn ni pé ásíìdì pọ̀, mo ti sáré pe nọ́ọ̀sì nìyẹn.

Ní ti fítámìn A: retinoic acid tí wọ́n ṣe láti ara rẹ̀ ti ń wo irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan sàn, àwọn dókítà Shanghai ló kéde rẹ̀ ní 1988. Ó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì tó kọ̀ tí kò dàgbà, dàgbà. Sẹ́ẹ̀lì osteosarcoma náà yẹ kó di eegun gidi ni, kò dàgbà débẹ̀. Ohun táwọn olùwádìí ń wá ni kí agídí rẹ̀ dín, kí kímò lè rí i mú. Inú àwo àti ara eku ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ yẹn ṣì wà. Kápúsù fítámìn A tí ẹ ń rà lọ́jà kọ́ o! Àpọ̀jù rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.

Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ. Wọ́n yẹ eegun tí wọ́n gé wò: bí 90 nínú ọgọ́rùn-ún sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ náà bá ti kú, ó dáa. Tiẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kímò tó kù là ń gbà báyìí, àmọ́ ó ń ráhùn pé etí òun ń hó. Wọ́n ní cisplatin ni. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ti gbà á, ṣé ó padà lọ?