Ìdíyelé ni mo fara mọ́, kì í ṣe ìgbéléwọ̀n

Ẹ̀yin ará, mo kí ọ̀ta, mo kí ọ̀pẹ.

Ẹ̀gbọ́n wa láti Oǹdó dábàá ọ̀rọ̀ méjì fún ohun tí kọ̀ǹpútà ń ṣe tó bá ń ta ṣẹ́ẹ̀sì: 'ìwákiri' fún bó ṣe ń yẹ ọ̀nà wò, 'ìgbéléwọ̀n' fún bó ṣe ń mọ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dáa jù. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò gbà fún yín.

Ti 'ìwákiri' ò gùn. Ohun tó sọnù là ń wá kiri. Ẹni tó kọ́kọ́ ta ní ọ̀nà 20, ẹnìkejì ní 20, ó ti di 400 kí oníkálukú tó ta ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ńṣe ni kọ̀ǹpútà ń tú u wò bí àwọn olókìrìkà ṣe ń tú bẹ́ẹ̀lì wò ní ọjà Ọba níbí l'Ákùúrẹ́. 'Ìtúwò' tó mi.

'Ìgbéléwọ̀n' gan-an ni mo bá wá. Ohun tó bá ti wà lọ́wọ́ là ń gbé lé ìwọ̀n. Ayò tí kò tíì parí ò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ibi tí agbára kọ̀ǹpútà bá mọ, ibẹ̀ ló ń dúró sí, á wo ojú ọpọ́n, á díye lé e. Claude Shannon, onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà, ti kọ iye ọmọ ayò kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ní 1950: ọmọ ogun 1, ẹṣin 3, bíṣọ́ọ̀bù 3, ilé ìṣọ́ 5, ayaba 9. Ro tìrẹ, yọ tèmi kúrò. Iye náà sì lè lọ sísàlẹ̀ òdo. Ìwọ̀n wo ló ń ṣe ìyẹn?

Lójú ọ̀nà Ìdànrè, níbi tí oko bàbá mi wà, ẹni tí owó iléèwé bá ká mọ́ lè ta kòkó tó ṣì wà lórí igi. Ẹni tó fẹ́ rà á á rìn yí oko ká, á wo èyí tó ti ń pọ́n, á gbójú sókè wo òfurufú, á wá pe iye kan. Kò gbé ìwọ̀n dání. Bí ìkórè bá ṣe sún mọ́ sí, bẹ́ẹ̀ ni àṣìṣe rẹ̀ ṣe ń dín kù. Bó ṣe rí fún kọ̀ǹpútà nìyẹn tó bá túwò jìnnà. Deep Blue, kọ̀ǹpútà tó na Garry Kasparov, ọ̀gá ayé nínú ṣẹ́ẹ̀sì, ní 1997, ń yẹ nǹkan bí 200 mílíọ̀nù ojú ọpọ́n wò ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Lọ́dún kan, ẹnìkan sanwó tán, òjò ò dá, kòkó dúdú lórí igi. Kọ̀ǹpútà náà ń jẹ irú gbèsè yẹn: ó rí i pé òun pa ẹṣin, ó díye lé e, kò rí i pé ńṣe ni wọ́n fi ẹṣin yẹn tan òun kí wọ́n lè pa ayaba òun. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ní kó máa túwò lọ títí pípa tí wọ́n ń pa ọmọ ayò ara wọn á fi rọlẹ̀, kó tó pe iye.

Mo mọ̀ pé 'ìgbéléwọ̀n' ti wà nínú ìwé àwọn ọmọ iléèwé. Kó dúró síbẹ̀. Ọmọ ti ṣe ìdánwò tán kí tíṣà tó wọ̀n ọ́n.

Èyí tó kù tí mi ò tíì rí ojútùú rẹ̀ ni ti ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń pa tì láìtú u tán, torí ó ti rí èsì kan tó fi hàn pé ọ̀nà náà burú ju èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ. 'Rírẹ́ ẹ̀ka' dùn létí àgbẹ̀ kòkó. Àmọ́ àgbẹ̀ ń rẹ́ ẹ̀ka kí igi lè so dáadáa, kọ̀ǹpútà ń rẹ́ ẹ kó má baà fàkókò ṣòfò. Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ rí sí i?